"Ọmọ ẹni mẹ́ta": kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin gan-an?

Lọ́jọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn dókítà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí méjì jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n ní obìnrin 7 ti bí ọmọ 8, ọkùnrin 4 àti obìnrin 4, nípasẹ̀ irú IVF kan (mímú àtọ̀ àti ẹyin pàdé ní láàbù) tí DNA ẹni mẹ́ta, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá òbí sára ọmọ, ti pàdé. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí àrùn mitokọ́ńdríà, tí ìyá lè fi lé ọmọ lọ́wọ́, má bàa dé ara àwọn ọmọ náà. Ìbejì tó jáde láti inú ẹyin kan ṣoṣo wà lára wọn. Aboyún kan ṣì kù tí kò tíì bí nígbà náà. Kò pẹ́ tí "ọmọ ẹni mẹ́ta" fi di orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n káàkiri, ìbéèrè sì ń ya lọ́tùn-ún lósì: ta ni ìyá wọn gan-an? Ta ni wọ́n máa jọ? Ṣé òyìnbó ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan irú ọmọ tó wù ú ni?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, inú ẹyin ló yẹ kó kọ́kọ́ yọjú sí, ní ìwọ̀nba wákàtí tó tẹ̀ lé ìgbà tí àtọ̀ bá wọlé. Wákàtí díẹ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ Newcastle rọ̀ mọ́, ibẹ̀ náà sì ni àríyànjiyàn ti hù.

Kí ni mitokọ́ńdríà, kí ló sì dé tó jẹ́ ti ìyá nìkan?

Láàárín sẹ́ẹ̀lì ara wa ni kókó wà, inú kókó yìí sì ni kromosóómù 46 kó jọ sí: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì tó wà lórí wọn tó nǹkan bíi 20,000. Ibẹ̀ ni gíga, àwọ̀ ara, ìrísí imú àti jẹ́nótáìpù ti ń wá. Lẹ́yìn odi kókó náà, nínú omi sẹ́ẹ̀lì, ni mitokọ́ńdríà ń gbé. Àwọn ni jẹnẹrétọ̀ sẹ́ẹ̀lì: oúnjẹ tí a jẹ àti ọ́síjìn tí a mí sínú ni wọ́n fi ń ṣe agbára. Wọ́n ní DNA kékeré tiwọn lọ́tọ̀, jíìnì 37 péré, lẹ́tà 16,569 lápapọ̀.

Bí DNA kékeré yìí bá ní àbùkù, ẹ̀yà ara tó ń jẹ iná jù ló ń kọ́kọ́ ké: ọpọlọ, ọkàn, iṣan, ojú àti etí. Nínú ọmọ 5,000 tí wọ́n bí, ó tó 1 tí àrùn mitokọ́ńdríà ń bá wáyé. Òmíràn nínú àwọn àrùn wọ̀nyí, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní Leigh, a máa pa ọmọ kó tó dàgbà. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí kó tó di àṣìgbọ́: gbogbo àrùn mitokọ́ńdríà kọ́ ló ti inú DNA kékeré yìí wá. Púpọ̀ nínú pírótéènì tí mitokọ́ńdríà ń lò, jíìnì inú kókó ló ń pàṣẹ fún un, àbùkù sì lè ti ibẹ̀ wá. Iṣẹ́ Newcastle kò kan irú ìyẹn rárá.

Ẹyin obìnrin wà lára sẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù nínú ara ènìyàn; fífẹ̀ rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i láìlo awò. Ẹ̀dà DNA mitokọ́ńdríà tó wà nínú ẹyin tó gbó ju 100,000 lọ. Àtọ̀ kan, ní tirẹ̀, kò ní ju mitokọ́ńdríà bíi 50 sí 75 lọ, wọ́n sì wé mọ́ ìdí ìrù rẹ̀ bí okùn tí a wé mọ́ ọ̀pá, kí ìrù náà lè rí agbára fì. Ìwọ̀nba wọ̀nyí a máa bá àtọ̀ wọ inú ẹyin, àmọ́ ẹyin kì í gbà wọ́n lálejò. Lọ́dún 1999, Peter Sutovsky àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn lára màlúù àti ọ̀bọ pé pírótéènì kan tó ń jẹ́ ubiquitin ti sàmì sára mitokọ́ńdríà àtọ̀; àmì yẹn ni ẹyin ń wò tó fi ń run wọ́n. Ìwádìí kan ní 2023 tún fi kún un pé àtọ̀ ènìyàn tó ti gbó kò ní DNA mitokọ́ńdríà tó pé mọ́.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé DNA mitokọ́ńdríà kan náà ni ọmọ ìyá jọ ní, tí ọbàkan kò sì ní i pọ̀. Ọmọkùnrin ń gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń parí sí. (Ní 2002, àwọn dókítà ní Denmark ròyìn ọkùnrin kan tí mitokọ́ńdríà bàbá rẹ̀ pọ̀ nínú iṣan ara rẹ̀. Àrà ọ̀tọ̀ ni, ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ náà nìyẹn.)

Báwo ni àtọ̀ ṣe ń wọ inú ẹyin?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àtọ̀ mílíọ̀nù 39 nínú ìdàsílẹ̀ kan sí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tó ṣì bójú mu fún ọkùnrin. Àwọn tó ń dé ìtòsí ẹyin nínú wọn kì í ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ.

Àtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bó ti wù kó sáré tó, kò lè wọ ẹyin. Ó ní láti lo wákàtí mélòó kan nínú ara obìnrin kó tó di ẹni tó gbó. Min Chueh Chang ní Amẹ́ríkà àti Colin Austin ní Ọsirélíà ló ṣàwárí èyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1951. Nínú wákàtí wọ̀nyẹn, ọ̀rá kọlẹ́sitírọ́ọ̀lù ń ṣí kúrò lára awọ àtọ̀, awọ náà ń rọ̀; báíkábọ́nétì ń wọlé; ihò kan lára ìrù tí wọ́n ń pè ní CatSper ń ṣí, kálísíọ́mù sì ń ya wọlé. Ìrù tó ti ń fì jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í nà pàṣán. Kí ayé tó mọ èyí, púpọ̀ nínú àwọn tó gbìyànjú láti mú àtọ̀ àti ẹyin pàdé nínú ìgò ló jáfo. Lónìí, láàbù IVF kò ní da àtọ̀ lu ẹyin bẹ́ẹ̀ lásán: wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú omi oníyọ̀ àti pírótéènì tó ń ṣe iṣẹ́ tí ara obìnrin ì bá ṣe.

Ẹyin kì í wà níhòòhò. Agbo sẹ́ẹ̀lì kéékèèké yí i ká, ohun kan tó ń fà yọ̀ọ̀ bí omi ilá sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn agbo yìí ni èèpo ẹyin, tó mọ́ gaara, tí pírótéènì mẹ́rin para pọ̀ hun: ZP1, ZP2, ZP3 àti ZP4. Orí àtọ̀ dé nǹkan bíi fìlà, tó kún fún ásídì àti ẹ́ńsáìmù. Fìlà yìí ní láti ṣí kí àtọ̀ tó lè la èèpo kọjá. Bó bá tètè ṣí jù lójú ọ̀nà, àtọ̀ ti pàdánù; bí kò bá ṣí rárá, ìta èèpo ni yóò kú sí.

Fìlà tó ṣí yìí ló ń jẹ́ kí pírótéènì kan tó ti fara pamọ́ yọ sí gbangba lórí àtọ̀. Izumo1 lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Japan ló rí i ní 2005, wọ́n sì fi orúkọ ojúbọ ìgbéyàwó kan nílẹ̀ wọn sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí Gavin Wright àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí Cambridge tó rí èyí tó ń dúró dè é lára ẹyin. Wọ́n sọ ọ́ ní Juno, orúkọ òrìṣà ìgbéyàwó àwọn ará Róòmù àtijọ́. Akọ eku tí kò ní Izumo1, àtọ̀ rẹ̀ á rìn, á la èèpo, á fara kan ẹyin, kò sì ní wọlé. Abo tí kò ní Juno, ẹyin rẹ̀ kò ní gba àtọ̀ kankan.

Nígbà tí awọ àtọ̀ àti awọ ẹyin bá ti di ọ̀kan, àtọ̀ á tú ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ PLC-zeta sínú ẹyin. Èyí ló ń jí ẹyin. Kálísíọ́mù tó wà ní ìpamọ́ á tú jáde láti ibi tí àtọ̀ gbà wọlé, á sì gbá káàkiri ẹyin bí ìgbì omi. Ẹni tó bá fi àwọ̀ tó ń tàn sára ẹyin eku tó ń wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù á rí i: ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á wọmi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, á tún tàn. Á máa tàn, á máa kú bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Ìgbì yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn àpò kéékèèké tó tò sábẹ́ awọ ẹyin á bẹ́ síta, ẹ́ńsáìmù inú wọn tó ń jẹ́ ovastacin á gé ZP2, kò sì ní sí ibi tí àtọ̀ mìíràn lè dì mú mọ́. Ẹyin á sì bọ́ Juno dànù kúrò lára. Àwọn ẹran inú òkun tí ara wọn kún fún ẹ̀gún (sea urchin), tí Oscar Hertwig lò ní 1876 láti rí bí kókó àtọ̀ ṣe ń lọ bá kókó ẹyin, ní ọ̀nà tó yá ju èyí lọ: iná mànàmáná ara awọ ẹyin wọn á yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹyin ẹran afọ́mọlọ́mú kò ní irú rẹ̀.

Ìgbì kan náà ló ń jẹ́ kí ẹyin parí iṣẹ́ tó ti dá dúró. Láti ìgbà tó ti jáde nínú àpò rẹ̀, ẹyin ti dúró gbagidi láàárín ìpínyà kejì, kromosóómù rẹ̀ tò lórí okùn bí aṣọ tí a sá. Nígbà tí àtọ̀ bá jí i ni yóò tó pín, tí yóò fi 23 pamọ́, tí yóò sì lé ìyókù síta nínú sẹ́ẹ̀lì kóńkóló kan tó ń wà lábẹ́ èèpo.

Lẹ́yìn èyí, kókó méjì á yọ nínú ẹyin: ọ̀kan ti ìyá, ọ̀kan ti bàbá. Wọ́n á súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fara kanra láàárín ẹyin. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló ní wọ́n yọ́ pọ̀ di kókó kan. Ní ti ẹran afọ́mọlọ́mú, kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ kókó méjèèjì á tú, kromosóómù á bọ́ sí gbangba, sẹ́ẹ̀lì á sì pín sí méjì kí ti bàbá àti ti ìyá tó jọ wà nínú kókó kan. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Jámánì rí i lára eku pé okùn ìpínyà méjì ló ń hù, ti ìyá lọ́tọ̀, ti bàbá lọ́tọ̀. Gbogbo èyí ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan àti wákàtí díẹ̀. Ìwọ̀nba àkókò tí kókó méjì fi dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a rí wọn kedere, ni ọ̀nà tí Newcastle gbà wọlé.

Ní láàbù, kí ni wọ́n ń wò láti mọ̀ pé ó ti dàpọ̀?

Kókó méjì náà ni. Láàárín wákàtí 16 sí 18 lẹ́yìn tí àtọ̀ àti ẹyin pàdé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàbù á gbé ẹyin sábẹ́ maikirosíkóòpù, á ka kókó. Méjì tó dọ́gba, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì kóńkóló méjì létí, iṣẹ́ ti dára. Mẹ́ta, àtọ̀ méjì ló wọlé tàbí kí ẹyin má lé àṣẹ́kù rẹ̀ síta. Wọn kì í gbé irú rẹ̀ sínú ilé ọmọ, torí kromosóómù rẹ̀ ti di 69. Òdo, bóyá àtọ̀ kò wọlé, tàbí ó wọlé àmọ́ kò jí ẹyin. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó wò ó lè rí òdo pẹ̀lú, nítorí kókó ti tú.

ICSI, tí wọ́n kọ́kọ́ fi bímọ ní Brussels ní 1992, ń fi abẹ́rẹ́ gbé àtọ̀ kan kọjá èèpo àti awọ. Ìyẹn fo Izumo1, Juno, fìlà àti ohun gbogbo tó wà lójú ọ̀nà. Kò fo PLC-zeta. Àwọn ọkùnrin kan wà tí àtọ̀ wọn rí roboto, tí kò ní fìlà. Irú àtọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe aláìní PLC-zeta, àti pé bí a tilẹ̀ fi abẹ́rẹ́ gbé e sínú ẹyin, ẹyin á sùn lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi oògùn tó ń ṣílẹ̀kùn fún kálísíọ́mù wẹ ẹyin náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Kí wá ni Newcastle ṣe?

Ẹyin méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan ti ìyá tí mitokọ́ńdríà rẹ̀ lábùkù, ọ̀kan ti obìnrin tó yọ̀ǹda ẹyin rẹ̀, tí tirẹ̀ dá pé. Àtọ̀ bàbá ọmọ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé sínú méjèèjì. Ẹ kíyè sí i: ọkùnrin kan náà ló ni àtọ̀ méjèèjì, bàbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ní nǹkan bíi wákàtí 8 lẹ́yìn náà, nígbà tí kókó méjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, iṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú, wọ́n máa ń dúró di ìgbà tí ẹyin ti fẹ́ pín. Ẹgbẹ́ náà rí i nígbà ìwádìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016, pé bí wọ́n bá tètè ṣe é, ọlẹ̀ tó ń là á já á pọ̀ sí i. Wọ́n á fi oògùn tú àwọn okùn tó gbé inú ẹyin ró, kí ó lè rọ̀. Iná lésà á dá ihò sí èèpo. Ọ̀pá gíláàsì tó tín-ín-rín á wọlé, á fa kókó kan síta jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì ní já awọ ẹyin: awọ náà á bá kókó jáde bí àpò, á dí lẹ́yìn rẹ̀. Kókó kejì náà á tẹ̀ lé e. Omi ẹyin tó bá wọn jáde gbọ́dọ̀ kéré gan-an, torí inú rẹ̀ ni mitokọ́ńdríà tó lábùkù wà.

Ẹyin ẹni tó yọ̀ǹda, wọ́n á ti kó kókó tirẹ̀ sọnù. Wọ́n á wá ki kókó tọkọtaya bọ abẹ́ èèpo rẹ̀, pẹ̀lú awọ kòkòrò àrùn Sendai tí wọ́n ti pa oró rẹ̀. Kòkòrò yìí ní ẹ̀bùn mímú awọ méjì lẹ̀ mọ́ra. Awọ á di ọ̀kan, kókó á wọlé, ẹyin á máa pín lọ bó ṣe yẹ. Wọ́n á gbé e sínú ilé ọmọ ìyá nígbà tó bá yá.

Ọ̀nà kejì wà tí wọ́n ń pè ní gbígbé okùn ìpínyà. Níbẹ̀, wọ́n á gbé kromosóómù ìyá tó tò lórí okùn kí àtọ̀ tó wọlé, wọ́n á fi sínú ẹyin tí wọ́n ti kó kromosóómù tirẹ̀ kúrò, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá fi àtọ̀ sí i. Èyí ni dókítà John Zhang lò fún tọkọtaya kan láti Jọ́dánì. Ọmọ wọn wáyé ní oṣù Kẹrin 2016; New York ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ẹyin náà, Mẹ́síkò ni wọ́n sì ti gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ. Àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oògùn àti ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ìkìlọ̀ sí i lọ́dún 2017.

Nínú ẹni mẹ́ta náà, mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Jíìnì 37 nínú bíi 20,000 ni ti ẹni tó yọ̀ǹda. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó ìdajì rẹ̀ pàápàá. Imú, ìrìn, ohùn, genotype: ti tọkọtaya ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, orúkọ "ẹni mẹ́ta" tọ̀nà bó bá jẹ́ iye ènìyàn là ń kà. Bí a bá gbé e lórí òṣùwọ̀n, ó ń tan ni jẹ. Àwọn tó fẹ́ràn orúkọ náà ń wí pé jíìnì díẹ̀ náà ni ọmọbìnrin yóò fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, kì í sì í ṣe nǹkan kékeré.

Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tó yọ̀ǹda kì í ṣe ìyá ọmọ. Bí ọmọ bá pé ọmọ ọdún 16, ó lè béèrè ìsọfúnni nípa rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe orúkọ. Ó yàtọ̀ sí ti ẹyin odindi tí wọ́n fi tọrẹ: ọmọ ìyẹn lè gbọ́ orúkọ ẹni náà nígbà tó bá di ọmọ ọdún 18.

Ṣé ó ṣiṣẹ́?

Obìnrin 22 ló gba ọ̀nà gbígbé kókó, 8 nínú wọn lóyún, ìyẹn 36%. Àwọn 39 mìíràn, tí àbùkù kò kún inú gbogbo ẹyin wọn, yíyẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó yan èyí tó dára ni wọ́n ṣe fún wọn. 16 lóyún, 41%, ọmọ 18 sì wáyé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi iye mitokọ́ńdríà tó ṣẹ́ kù, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọmọ 8, 5 kò ní àbùkù tí òṣùwọ̀n lè rí. Àwọn 3 yòókù ní i láàárín 5% sí 20%. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àrùn wọ̀nyí, àbùkù máa ń ní láti tó 80% kó tó di àìsàn, nítorí náà wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ dáadáa. Àmọ́ níbi iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ohun tó ń bá kókó lọ kì í sábà ju 2% lọ. Báwo ni 2 ṣe di 20?

Lẹ́yìn tí àtọ̀ bá wọlé, DNA mitokọ́ńdríà kì í tún ara rẹ̀ dá mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ẹ̀dà tó ti wà nílẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ń pín mọ́ra wọn lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì kan lè ṣèèṣì gba púpọ̀ nínú èyí tó lábùkù, òmíràn lè má gba rárá. Sẹ́ẹ̀lì tó máa di ọmọ kò pọ̀, àwọn ìyókù di ibi ọmọ. Bí àwọn tó ṣèèṣì gbà á bá bọ́ sí ọ̀nà ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀ á ga. Ó sì tún ṣeé ṣe kí irú mitokọ́ńdríà kan máa tún ara rẹ̀ dá yá ju èkejì lọ. Ìwádìí kan ní Gíríìsì, tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ìṣòro wọn jẹ́ àìríbí, fi hàn ní 2023 pé ọ̀kan nínú ọmọ 6 ti padà sí mitokọ́ńdríà ìyá rẹ̀ ní ìwọ̀n 30% sí 60%, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó 1% nígbà tó wà lọ́lẹ̀.

Ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ Newcastle ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ọ̀kan ní ọ̀rá púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn tí kò lù déédéé, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Òmíràn ní gìrì tó lọ fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà kò rò pé iṣẹ́ náà ló fà á, ṣùgbọ́n wọ́n á máa ṣọ́ wọn.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń jà?

Ilé aṣòfin kékeré ní London dìbò lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2015: 382 ní bẹ́ẹ̀ ni, 128 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Newcastle gba àṣẹ ní 2017. Àjọ HFEA, tó ń ṣàkóso ìtọ́jú ìbímọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wò ó lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Títí di oṣù Keje 2025, wọ́n ti fọwọ́ sí i fún obìnrin 35. Ọsirélíà fi òfin tirẹ̀ lélẹ̀ ní 2022. Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀, ti fi òfin dí FDA lọ́wọ́ láti ìparí 2015 pé kò gbọ́dọ̀ gba ìwé ìbéèrè kankan tó dá lé ọlẹ̀ tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà lọ́nà tí yóò fi kan àtọmọdọ́mọ.

Ìjọ Kátólíìkì ń wo kókó tí wọ́n kó sọnù lára ẹyin kejì. Fún wọn, ẹyin tí àtọ̀ ti wọ ti di ènìyàn, nítorí náà ọlẹ̀ kan ni wọ́n pa kí òmíràn lè wà. Ìtakò yìí kò kan gbígbé okùn ìpínyà bẹ́ẹ̀, torí àtọ̀ kò tíì wọlé nígbà náà. Èrò Newcastle ni pé kókó rọrùn láti rí, wọ́n sì ti mọ ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń wo ọjọ́ iwájú. Àjọ Center for Genetics and Society ní Kalifọ́níà ń wí pé ìlà tí ayé fà pé a kò gbọ́dọ̀ kan DNA tó ń lọ sọ́dọ̀ àtọmọdọ́mọ ti yẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn ń fèsì pé wọn kò tún jíìnì kankan kọ, wọ́n kàn pààrọ̀ mitokọ́ńdríà lódindi. Ní 2016, ìgbìmọ̀ kan tí àwọn Àkádẹ́mì Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yàn dábàá ìgbésẹ̀ agbedeméjì: kí wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ọlẹ̀ ọkùnrin nìkan, torí ọkùnrin kì í fi mitokọ́ńdríà lé ọmọ lọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba èyí. Ọmọbìnrin 4 ló wà nínú ọmọ 8 náà.

Àwọn kan sì ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi lo ẹyin odindi ẹlòmíràn, tó rọrùn jù, tí kò sì léwu. Ìdáhùn àwọn òbí ni pé ọmọ tí ó jọ wọn ni wọ́n ń fẹ́. Kò sí láàbù tó lè dájọ́ láàárín wọn lórí ìyẹn.

Ṣé ó lè ràn tọkọtaya AS àti AS lọ́wọ́?

Rárá o. Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ nílé wa, kò sì yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Jíìnì tó ń fa àrùn ẹ̀jẹ̀ SS wà lórí kromosóómù 11, nínú kókó. Newcastle ń gbé kókó lódindi, àbùkù inú rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ohun tó wà fún tọkọtaya AS ni yíyẹ ọlẹ̀ wò: ní ọjọ́ 5 tàbí 6, wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì bíi 5 sí 10 lára àwọn tí yóò di ibi ọmọ, wọ́n á yẹ jíìnì wọn wò, èyí tí kì í ṣe SS ni wọ́n á gbé sínú ilé ọmọ. Ó gba IVF odindi, kò sì sí ìdánilójú pé oyún á dúró.

Ní ti pípààrọ̀ mitokọ́ńdríà ní Nàìjíríà, abala 50 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ló sún mọ́ ọn jù. Ṣíṣe ẹ̀dà ènìyàn ni abala náà dá lé, àmọ́ ó dárúkọ yíyí jíìnì ẹyin, àtọ̀ àti ọlẹ̀ padà, ó dárúkọ gbígbé kókó sẹ́ẹ̀lì, ó sì ka kíkó ọlẹ̀ wọ ilẹ̀ wa tàbí jáde kúrò níbẹ̀ léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5, ó kéré tán, láìsí owó ìtanràn, ló wà fún ẹni tó bá rú u.